Orúkọ wo lẹ ní kí wọ́n bá yín wá?

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà báyìí tí ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ò fi kúrò lọ́kàn mi: néant. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ owó yíyá rí ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀, á mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni akọ̀wé kóòtù máa ń kọ sórí ìwé nígbà tó bá yẹ àkọsílẹ̀ ìdógò wò tí kò rí orúkọ oníbàárà wa níbẹ̀. Kò sí. Òfo. Bí ìwé yẹn bá ti dé, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀. Wọ́n á kàn án mọ́ fáìlì, fáìlì á kọjá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kírédì, owó á jáde.

Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni pé ìdáhùn ni néant, ìdáhùn ò sì lè tóbi ju ìbéèrè tó bí i lọ. Nínú fáìlì tó pọ̀ jù, ìdáhùn yẹn nìkan la fi pamọ́. Orúkọ tí a dá, ìwé tí a ní kí wọ́n ṣí, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i: ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i.

Nígbà tí ojú aládùúgbò jẹ́ ìwé

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí ẹnì kan bá fi igi ọ̀pẹ rẹ̀ dógò, ẹni tó yá a lówó ló máa ń kọ ẹyìn orí rẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Bí ẹnì kan bá di ìwọ̀fà, gbogbo abúlé ló ń rí i lóko olówó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá ìwé kiri. Ẹlòmíì tó bá fẹ́ yáni lówó lórí ọ̀pẹ kan náà á ti rí ẹni tó ń gùn ún. Ìdógò ń fi ara rẹ̀ hàn.

Òfin tí à ń lò lónìí yàtọ̀. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1993. Òfin ìdógò wọn jáde ní 1997, wọ́n sì tún un ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010. Òfin yìí gba oníṣòwò láyè láti fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dógò kó sì máa wà á lọ. Mo fara mọ́ ọn: ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú àgbàlá bánkì kì í pa owó tí wọ́n á fi san gbèsè. Ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò ò ka nǹkan mọ́. Ọkọ̀ náà ṣì ń kọjá lójú ọ̀nà Pobè lójoojúmọ́, ẹni tó ni ín ló ṣì jókòó nídìí rẹ̀, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ pé wọ́n ti fi dógò níbì kan.

Ìdí tí wọ́n fi dá RCCM sílẹ̀ nìyẹn, ìwé àkọsílẹ̀ òwò àti kírédì tó wà lọ́wọ́ greffe, ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù. Òun ló rọ́pò ojú aládùúgbò. Ìdógò ọkọ̀, ti ẹ̀rọ, ti ọjà inú ìsọ̀, ti ìsọ̀ fúnra rẹ̀ tí òfin ń pè ní fonds de commerce, ti ìpín ẹni nínú ilé-iṣẹ́, ẹrù tí ẹni tó tà á ṣì di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n á fi sanwó tán, ẹ̀rọ tí wọ́n gbà ní crédit-bail (háyà tó lè parí sí rírà): ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Gbèsè owó orí, ti aṣọ́bodè àti ti CNSS, àjọ ìbánigbófò òṣìṣẹ́, náà ń wọ inú rẹ̀. Ojú tó dára ni. Àmọ́ ojú aládùúgbò máa ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ojú ti RCCM kì í rí ju ibi tí a bá ní kó wò lọ.

Ìgbà tí bírò bá kan ìwé

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò àgbàdo kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Kétu ni, ó ní ìsọ̀ ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ó sì fẹ́ yá 6,000,000 sẹ́fà láti fi ra àgbàdo nígbà ìkórè, kó tọ́jú rẹ̀ títí á fi wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù kan àti ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló fẹ́ fi dógò. Ká pe orúkọ rẹ̀ ní Adéṣínà Mudaṣírù. Òṣìṣẹ́ kírédì dé iwájú kàǹtà greffe, ó ní òun fẹ́ ìwé tó ń sọ gbogbo ìdógò tó wà lórí ọkùnrin yìí. Wọ́n ní kó kọ orúkọ. Ó mú bírò.

Ìṣẹ́jú yẹn ni mo fẹ́ ká dúró sí. Níbẹ̀ ni ìwádìí ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́, kí akọ̀wé tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá.

Òṣìṣẹ́ wa wo káàdì ìdánimọ̀, ó rí ADECHINA Moudachirou, ohun tó sì dà kọ nìyẹn. Kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ìbí ọkùnrin náà ń jẹ́ ADECHINAN, torí pé akọ̀wé ọjọ́ yẹn gbọ́ ohùn imú nípẹ̀kun orúkọ, ó sì kọ ohun tó gbọ́. Extrait RCCM tó gbà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ òwò ń jẹ́ ADESHINA. Ìwé tó fi ń ra ẹrù ní Nàìjíríà ń jẹ́ ADESINA Mudashiru. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ti kọ ìdógò ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn lórúkọ ADESHINA Moudachir, tí akọ̀wé sì tẹ ADECHINA Moudachirou lónìí, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà má mọ̀ pé orúkọ kan náà ni. Á ní néant. Kò sì parọ́: kò sí ẹnì kankan tó ń jẹ́ bí wọ́n ṣe bi í yẹn nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ọwọ́ ẹlòmíì ló hun ìjánu yẹn fún wa. Kò sí àmì ohùn, kò sí ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé ìjọba. Olúkúlùkù akọ̀wé ló ń fi lẹ́tà Faransé gbá ohùn Yorùbá mú bó ṣe lè ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a mú. Ṣ ń di ch, tàbí sh, tàbí s lásán. U ń di ou. J ń di dj: Oladjidé lọ́dọ̀ ẹnì kan, Olajidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògúndélé lè jẹ́ Ogoundélé, Ogoudélé tàbí Ogundele. Lẹ́tà n ìparí ń wọlé, ó ń jáde bó ṣe wù ú. Orúkọ Mùsùlùmí tún burú jù: Rafiou àti Rafiu, Moukaïla àti Mukaila, Nouroudine àti Nurudeen. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ẹbí Àgùdà náà ò yọ síta: da Silva, Da-Silva àti Dasilva lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan ni.

Ìṣòro mìíràn ni ìtò orúkọ. Àwọn kan ń fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, àwọn àbúrò wọn ń fi ti bàbá àgbà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ Moudachirou sí àyè orúkọ ìdílé, tí Adechina wá di orúkọ àbísọ, gbogbo ìwádìí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí A á kọjá lára rẹ̀ ni.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ayáwó gan-an ni ẹni tó ń kọ ìdógò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lò. Bó bá ṣi orúkọ kọ, tí ẹni tó fi orúkọ tó tọ́ wá a kò sì rí i, ìkọsílẹ̀ yẹn ò lágbára mọ́. Ìyà àṣìṣe wà lórí ẹni tó kọ ọ́. Ní tiwa níbí, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi owó rẹ̀ dúró lórí ìrètí pé àṣìṣe akọ̀wé àná á gbà á lọ́la. Ẹ ṣe ìwádìí bí ẹni pé gbogbo àṣìṣe yẹn á dé orí yín.

Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé-iṣẹ́

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; nínú iṣẹ́ yìí, ilé la tún ń wò láti mọ gbogbo orúkọ tí ọmọ ti jẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó lọ sí greffe, kó gba gbogbo ìwé tí oníbàárà ní: ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀, extrait RCCM, ìwé IFU (nọ́mbà owó orí), carte grise (ìwé ọkọ̀), ìwé rírà ilẹ̀, àdéhùn gbèsè àtijọ́, àní ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé bó bá wà. Kó da gbogbo orúkọ tó rí kọ síbì kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìtún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kó fi òfin ch, ou àti dj tí mo kà sókè yìí yí wọn padà. Orúkọ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló sábà máa ń jáde. Orúkọ ìsọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí pé àwọn ayánilówó kan á kọ «Ets» àti orúkọ òwò sílẹ̀ dípò orúkọ ẹni.

Bó bá jẹ́ obìnrin tó ti lọ́kọ, ẹ rántí pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 jẹ́ kó di orúkọ bàbá rẹ̀ mú, kó sì fi ti ọkọ kún un. Ẹ wá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tún wá wọn pọ̀. Ìyá oníṣòwò tó ti ń tà ní Ouando kó tó lọ sílé ọkọ lè ní ìkọsílẹ̀ ìdógò àtijọ́ lórúkọ bàbá rẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn orúkọ ni nọ́mbà. Bó bá jẹ́ tèmi, nọ́mbà ni mo máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi wá a, torí pé kò sẹ́ni tó lè fi ohùn imú ka 7. IFU ní nọ́mbà 13. NPI, nọ́mbà ìdánimọ̀ ẹni tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ìjọba, ń fúnni, ní 10. Nọ́mbà RCCM fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: nínú RB/COT/18 A àti òǹkà tó tẹ̀lé e, RB ni Bẹ̀nẹ̀, COT ni Kútọnu, 18 ni ọdún 2018, A sì ni pé ènìyàn ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́; ti ilé-iṣẹ́ ni B. Ṣùgbọ́n nọ́mbà nìkan ò tó. Ìkọsílẹ̀ tó ti pẹ́ lè má ní NPI nínú rárá, torí pé ìforúkọsílẹ̀ ará ìlú tí wọ́n ń pè ní RAVIP, tó kó ọ̀pọ̀ wa wọnú àkọsílẹ̀ yẹn, ní 2017 ló bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé nínú A àti B yẹn. Oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, tó wá dá ilé-iṣẹ́ SARL sílẹ̀ tó di B, lè ti fi ọkọ̀ rẹ̀ dógò nígbà tó ṣì wà ní A. Bí a bá wá ilé-iṣẹ́ nìkan, òfo la máa rí.

Kóòtù wo, lọ́wọ́ ta ni?

Ibi tí ẹni tó ni ohun ìdógò ti forúkọ òwò sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìdógò sí. Bí kò bá forúkọ òwò sílẹ̀, ibi tó ń gbé ni. Oníṣòwò tó ti Kétu wá sí Àjàṣẹ́ lè ti fi nǹkan sẹ́yìn síbi tó ti wá. Ẹ bi í ní gbogbo ibi tó ti ṣòwò láti ọdún mẹ́wàá, kí ẹ sì bi greffe bóyá àkọsílẹ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n wò tàbí wọ́n dé inú fichier national, àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdáhùn ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Àlàyé ẹnu kì í wọ fáìlì.

Fún ọkọ̀, ẹ mú carte grise dání. Ìdógò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú RCCM, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí ìwé ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ ẹlòmíì wá, ẹ wá orúkọ ẹni tó tà á pẹ̀lú, torí pé ìdógò tó ti wọ àkọsílẹ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yìí ò gbà ju ìlà kan lọ lórí ìwé. Fún ẹ̀rọ, ẹ lọ síbi tó wà, ẹ nu èérí kúrò lára pátákó irin kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnì, ẹ da nọ́mbà rẹ̀ kọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ìkọsílẹ̀ tó bá ní «ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo méjì» láìní nọ́mbà, ìjà ló ń gbìn sílẹ̀.

Bí ìwé bá ní ó wà

Ó jọ mí lójú pé a máa ń bẹ̀rù ìwé tó ní ìkọsílẹ̀ ju èyí tó ṣófo lọ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ó kéré tán, ó ní nǹkan tí a lè kà.

Ohun mẹ́rin ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, iye owó tó pọ̀ jù tó dúró lé lórí, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ á tán, àti bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ohun ìdógò. Ìkọsílẹ̀ ò lè ju ọdún 10 lọ láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tun. Àpèjúwe ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Òfin 2010 gba ìdógò lórí ohun tó wà lónìí àti ohun tó ń bọ̀ lọ́la. Bí ayánilówó àkọ́kọ́ bá ti kọ pé «gbogbo ẹ̀rọ òwò, èyí tó wà àti èyí tí wọ́n máa rà», ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi owó yín rà fún oníbàárà á bọ́ sínú àwọ̀n ẹni yẹn bó bá ti dé inú ìsọ̀.

Oníbàárà á ní òun ti san gbèsè yẹn tán, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Lẹ́tà pé gbèsè ti tán ò pa ìkọsílẹ̀ rẹ́. Ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mainlevée ni kó gbà lọ́wọ́ ayánilówó àtijọ́, kó gbé e lọ sí greffe kí wọ́n fi pa á rẹ́, kó wá mú ìwé tuntun tó fi hàn pé wọ́n ti pa á rẹ́ wá. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni kì í kọjá ìkíní.

Ilẹ̀: ibi tí òfo ti ń tanni jù

Ká ní oníṣòwò wa sọ pé òun á fi ilẹ̀ kan kún un. Òfin ilẹ̀ ni 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2017. ANDF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, ló ni àkọsílẹ̀ níbẹ̀, greffe kọ́. Ní ti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ rọrùn díẹ̀, nítorí pé nọ́mbà titre foncier (ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀) la fi ń wá a, àti nọ́mbà parcelle (ègé ilẹ̀) tó wà nínú cadastre, àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Ẹ gba ìwé tó ń sọ gbogbo ẹ̀tọ́ orí titre yẹn: ìdógò tí nótárì ṣe, èyí tí kóòtù pàṣẹ, àti ìkìlọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gba ilẹ̀ náà tà. Ẹ wò ó bóyá titre tirẹ̀ gan-an ni tàbí titre-mère, titre ńlá ti gbogbo ilẹ̀ náà, tí wọn ò tíì gé tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá ṣì wà nínú titre-mère, ìdógò tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún un fi sórí gbogbo rẹ̀ bo tirẹ̀ náà.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe tó wúwo jù nìyí. Òfin OHADA sọ pé ilẹ̀ tó bá ní titre nìkan ni wọ́n lè fi ṣe hypothèque, ìyẹn ìdógò ilẹ̀, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ tí òfin gba ìkọsílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí titre ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, convention de vente (ìwé ìtajà) tàbí attestation de détention coutumière (ìwé ẹ̀rí ìní lábẹ́ àṣà) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́wọ́. Bí ẹ bá béèrè pé ṣé ìdógò wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní kò sí, dájúdájú kò lè sí. Kò sí ojú ewé kankan tí wọ́n á ti kọ ọ́ sí. Òfo yẹn ò sọ ohunkóhun nípa gbèsè, nípa ẹjọ́, tàbí nípa àwọn ọmọ bàbá yòókù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń gba ojúlówó ìwé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ àpótí irin, wọ́n á ní àwọn ti ní ìdógò. Ìwé ni wọ́n ní. Oníbàárà lè lọ gba òmíràn, ayánilówó kejì lè gba èyí náà tì mọ́ àpótí tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí kò ní titre, ojú aládùúgbò la tún ń padà sí: àwọn tó ní ààlà pẹ̀lú rẹ̀, baálé ẹbí, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní abúlé, tí òfin ń pè ní SVGF, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní commune. Ẹ bi wọ́n ta ló ń ro ó, láti ìgbà wo, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí ẹnì kan ṣoṣo fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ẹ má fi owó lé e.

Láàárín ìwádìí àti owó

Ká ní gbogbo èyí ti rí bó ṣe yẹ. Ìwé jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ kírédì jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, owó jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ àkọsílẹ̀ ló wà níwájú, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wádìí, ẹ fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ kọ ìdógò tiyín sílẹ̀, ẹ wá padà gba ìwé tuntun. Bí tiyín nìkan bá wà níbẹ̀, tàbí tó wà ní ipò tí ẹ fọkàn sí, ìgbà yẹn ni kí owó tó jáde. Oníbàárà á kígbe pé owó àgbàdo ń gòkè. Ẹ gbọ́ ẹ̀dùn rẹ̀, kí ẹ yára, ṣùgbọ́n ẹ má yí ìtò yẹn padà.

Gbèsè tí oníbàárà jẹ ìjọba ní ewu tirẹ̀. Iléeṣẹ́ owó orí, aṣọ́bodè àti CNSS ní oṣù 6 láti ọjọ́ tí gbèsè ti tó san kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà gbèsè lè ti wà lórí oníbàárà lónìí tí RCCM ò tíì gbọ́. Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ owó orí àti CNSS ló máa di àlàfo yẹn.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbèsè tí kò ní ìdógò kò sí nínú RCCM; BIC, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn gbèsè jọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 fún àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA tó jọ ń ná sẹ́fà, ni kí ẹ wò, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda oníbàárà tó fọwọ́ sí. Ṣéèkì tó padà wà lọ́dọ̀ Centrale des Incidents de Paiement ti BCEAO, báńkì àgbà UEMOA. Ẹrù tí huissier (òṣìṣẹ́ kóòtù) ti lẹ ìwé mọ́, inú ìsọ̀ lẹ ti máa rí i. Ẹni tó ń ṣòwò láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ lè ní gbèsè lọ́hùn-ún tí RCCM ò lè rí láéláé. Nàìjíríà ní àkọsílẹ̀ ìdógò tirẹ̀ lábẹ́ òfin 2017. Gbèsè àjọ kò sí níbì kankan, àfi lẹ́nu olórí àjọ. Ẹ bi í.

Kì í ṣe gbogbo owó ló lè gbé ìwádìí yìí. Láti 2014, gbogbo èlé àti owó fáìlì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ microfinance ní UEMOA kò gbọ́dọ̀ ju 24% lọ́dún. Owó 150,000 sẹ́fà fún oṣù mẹ́fà ò lè mú ju 18,000 wọlé, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà bá ń san díẹ̀díẹ̀. Fún irú owó bẹ́ẹ̀, BIC, NPI àti ìbéèrè dáadáa ládùúgbò ti tó. Ẹ má wulẹ̀ gba ìdógò tí ẹ ò ní lè wádìí. Fún 6,000,000, kò sí ìgbésẹ̀ kankan tó ṣeé fò.

Ìlà tó yẹ kó rọ́pò néant

Ohun tí mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ fún ìgbìmọ̀ kírédì ni pé kí wọ́n yéé kọ «RCCM: néant». Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ jáde: «A fi nọ́mbà RCCM, IFU àti NPI wá a. A fi àwọn orúkọ yìí wá a: ADECHINA, ADECHINAN, ADESHINA, ADESINA, pẹ̀lú Moudachirou, Moudachir àti Mudashiru, ní ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n lè gbà tò wọ́n, àti orúkọ ìsọ̀ rẹ̀. A wá ẹni tó ta ọkọ̀ fún un. Àkọsílẹ̀ greffe àti fichier national ni wọ́n wò, ní ọjọ́ báyìí. A tún wò ó lẹ́yìn tí a kọ tiwa sílẹ̀, ní ọjọ́ báyìí. A ò rí ohun kan ju tiwa lọ. A ò wádìí ní Nàìjíríà.»

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀.